Ta Ló Fọ Ṣílè Ọlọ́pẹ?

Èmi, Sàlímọ́nù Àjàní Ọláòtán, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ tí ó fi Ìkòròdú ṣe ilé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ó ti ń tún aago ṣe láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta wá, ni mo jókòó ní yàrá mi ní Ìkòròdú láti sọ bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní mi. Orí mi pé. Ojú mi ọ̀tún ń ṣe bàìbàì díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òsì tí mo máa ń há awò sí ṣì lè ka ẹsẹ̀ eèrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé arúgbó ti ń ṣe mí, kí ó kọ́kọ́ tú aago ọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀, kí ó sì tò ó padà kí ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, Ashraf àti Baseerah, ẹ̀yin ni mo fi ṣe alámójútó ìhágún yìí. Ashraf, n kò gbàgbé pé o kì í tètè dé ibi kankan. Baseerah ni yóò máa pè ọ́.

Ìkíní: Ilé. Ilé mi oníyàrá márùn-ún ní Ìkòròdú, kí àáfà pín in fún àwọn ajogún mi bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. N kò ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Kìkì pé kí ẹ má wó ògiri ẹ̀yìn. Èmi ni mo mọ ọ́ fúnra mi. Ìyá yín sọ lọ́jọ́ náà pé ó wọ́, mo ní kò wọ́, a kò sì jẹun pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wọ́.

Ìkejì: Irinṣẹ́. Tábìlì mi, àwọn ẹ̀mú mi, àwọn irin wẹ́wẹ́ tí mo fi ń tú inú aago, àti awò tí mo máa ń há sójú, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún Fẹ̀hìntọlá tí ó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kángun sí tèmi. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń pè é ní olè tí ń jí oníbàárà mi kó, nítorí ẹni tí ó bá ti ra fóònù kì í wo aago mọ́. Òun a sì máa gbé omi tútù wá fún mi lọ́sàn-án. Ẹ bá mi sọ fún un pé awò kì í ríran. Ẹni tí ó há a sójú ni ó ń ríran, bí ó bá fẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí ti ná mi ní ohun púpọ̀.

Ìkẹta: Àgbò. Àgbò mi kan ṣoṣo, ẹ má pa á ní Ìléyá tí ń bọ̀. Ó ti yè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí mo máa ń sọ pé kò tíì sanra. Irọ́ ni mo ń pa. Ó máa ń sìn mí dé mọ́ṣáláṣí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi kírun tán, ilé mi sì ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ. Ẹ fi í fún ládàánì tí ó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, nítorí wọ́n ti mọ ara wọn.

Ìkẹrin: Gbèsè. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo jẹ, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá lọ́rùn mi.

Ìkarùn-ún: Ṣílè ọlọ́pẹ. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ rọra kà á. Ṣílè fàdákà ọdún 1913 ni, orí ọba wà ní ojú kan, igi ọ̀pẹ wà ní ẹ̀yìn. Ìyá mi àgbà ló fún mi ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ wólímọ̀ mi, nígbà tí mo parí Kùránì lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yin tí ẹ kò náwó ṣílè rí, ẹ gbọ́: iyì owó àtijọ́ kò sí nínú dídán. Àwọ̀ eérú tí ọdún fi bò ó lára díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni àwa tí à ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá. Ẹni tí ó bá fi kànrìnkànrìn bó o, awọ ara rẹ̀ ló bó yẹn, irú rẹ̀ kì í sì í hù padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ti fọ̀, ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ á funfun báláú bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, ìlà tín-ín-rín á sì yọ jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí lẹ́tà. Bí ojú owó bá mọ́ tónítóní, tí ìdọ̀tí ṣì há sí ìdí lẹ́tà, ẹ má wádìí mọ́, nítorí ìka ènìyàn kì í wọ ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ Ìléyá ọdún 2011, ọ̀rẹ́ mi Adélàjà ará Ejìnrìn, tí òun náà ń kó owó àtijọ́ jọ, yí ṣílè mi lábẹ́ iná, ó sì ní wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ìyá yín, Wàsílátù, fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ gbogbo abọ́ idẹ inú ilé. Kí ni mo tún ń wá? Ó ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ni mo bá kọ̀wé sí i lórí fóònù pé ṣé òun ló fọ ṣílè mi. Èsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kò sí àmì kankan lókè tàbí nísàlẹ̀: “Owo mi mo.”

Mo kà á pé: Owó mi mọ́. Ẹ gbà mí o. Kò jẹ́wọ́ nìkan, ó tún sọ ṣílè mi di owó tirẹ̀, ó wá ń yangàn pé ó mọ́! Mo kọ ọ́ sí i pé kí ó jókòó ti mímọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó sì jókòó. Nígbà tí àwọn àgbà bá a sọ ọ́, ó ní òun ti sọ tòun, òun kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ní mo ti kà á, n kì í kàwé lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà la ti ń kí ara wa lọ́dọọdún bí àlejò.

Ní oṣù tó kọjá, Baseerah, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Yorùbá, ń kó ọ̀rọ̀ inú fóònù mi àtijọ́ sínú tuntun. Ó ka ọ̀kan sókè: Ọwọ́ mi mọ́. Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, ó sì bi mí pé kí ni mo rò pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ní ọwọ́ òun mọ́, pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, èmi sì lé e kúrò nílé nítorí àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà.

Mo gbé ṣílè jáde, èyí tí n kò yí lábẹ́ iná rí nítorí pé tèmi ni, mo wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ó ti mọ̀. Àwọn ìlà ara rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Mo lọ gbé ìkòkò tí Wàsílátù fi sílẹ̀ ní ilé ìdáná. Ìlà tirẹ̀ rí roboto, ó ń yí po, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fọ nǹkan. Ta ló wá ń fọ nǹkan lọ-bọ̀ nínú ilé yìí? Mo wo gíláàsì aago tí mo ti dán sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Lọ-bọ̀ ni.

Mo wá fọ́tò wólímọ̀ mi kàn. Mo rí ara mi nínú fìlà tó tóbi jù mí lọ, mo ń yọ eyín, mo na ṣílè sókè láàárín ìka méjì, ó funfun báláú. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ṣílè dúdú ni ìyá mi àgbà fún mi, ti àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń dán. Ojú tì mí, ni mo bá gbé e lọ sí etí ọ̀sà, mo fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Èmi Sàlímọ́nù ni mo fọ̀ ọ́, nígbà tí Wàsílátù ṣì ń rá kòrò ní ilé bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ṣílè ọlọ́pẹ di ti Wàsílátù Àpínkẹ́, aya mi, bí mo bá kú.

Àfikún. Nígbà tí àáfà ka ìkarùn-ún, ó ní kò bófin mu. A kì í fi ìhágún fún ẹni tí ó ti ní ìpín nínú ogún. Bí mo bá fẹ́ fún un, kí n fi ọwọ́ ara mi fún un nígbà tí mo ṣì wà láàyè. Mo bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, Baseerah bá mi fi gbogbo àmì sí i: Ọwọ́ rẹ mọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé: “Mo ti gbo.” Kò sí àmì. Baseerah ní ó lè jẹ́ pé ó ti gbọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbó, pé mo pẹ́ jù. Ẹ̀rù bà mí. N kò dá a kà lọ́tẹ̀ yìí. Mo wọkọ̀, mo lọ bi í lẹ́nu.

Mo fi ṣílè lé e lọ́wọ́. Ó di etí rẹ̀ mú, kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó yí i lábẹ́ iná, ó wo ìdí lẹ́tà. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, tí mo rò pé etí dídi ló kọ sí i, ó ń gbọ́ ọ. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ni.

Ó ní: “Gbọ́ ni. Ẹ jókòó.”

Ti gbó náà, ojú ara mi ni mo fi rí i. Àwa méjèèjì ti gbó, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Nítorí náà, mo fagi lé ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Mo fagi lé ìkẹta náà. Kí ládàánì má bínú. Ashraf, gbé àgbò wá sí Ẹ̀pẹ́, má sì pẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wàsílátù ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Sàlímọ́nù Àjàní Ọláòtán

Ẹlẹ́rìí kìíní: Adélàjà, ará Ejìnrìn. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun sọ pé wọ́n fọ̀ ọ́, òun kò sọ ẹni tí ó fọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ọláwùmí, aládùúgbò Wàsílátù ní Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí Wàsílátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, tí ó sì fi gbogbo àmì sí i láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: Ọwọ́ mi mọ́. Ṣílè yìí ti wá di owó mi báyìí, òun náà mọ́.