Gaàrí Tí Mo Bá Bàbá Kwesi Mu Lójú Òkun

Kokomlemle, Àkrà.

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Àjàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín láti ọ̀nà jíjìn, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní, nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì fo ibi tí ọ̀rọ̀ yín bá wà. Mo kí àwọn bàbá nínú ẹbí, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí ẹni tó ń bá yín pọn omi.

Oorun ti jìnnà sí mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tó lé e lọ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ohùn mi tó wà nínú fóònù gbogbo ẹbí báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, Mojísọ́lá ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ mi ka orí tábìlì, á sì yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ tó ń kán tó, tó, tó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dákẹ́, tí n kò sì tíì mọ̀ títí di òní bóyá ó kú ni tàbí wọ́n pa á. Àti ike gaàrí kan.

Mo ní kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbé lẹ́tà yìí jáde, nítorí pé gbogbo èèyàn ló gbọ́ ohun tí mo sọ lójú òkun. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn náà gbọ́ ìyókù.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Mo ṣì ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì fún àwọn tó ń tún òkirikà ṣe ní ọjà Kantamanto. Ọyẹ́ mú lọ́dún yìí. Eruku bo ọjà mi kí n tó ṣí ọjà tán. Láti ìgbà tí ìyá Mojí ti kú, èmi àti ọmọ yìí nìkan ló kù nínú yàrá méjì. Kí ó tó ti báǹkì dé ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ni mò ń bá jiyàn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Mojí. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ rẹ̀ rí. Bàtà èkíní mọ́ jù. Mo ní ibo ló ń gbà rìn? Èkejì kí mi lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan. Mo ní ẹni tó ń kíni tó báyẹn, kọ́kọ́rọ́ ilé ló ń wá. Àwọn méjèèjì kò padà wá mọ́. Kwesi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ ẹ̀yà Fante láti ìlú Elmina, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Mojí kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún lé èyí lọ, òun kò ní mú ẹnikẹ́ni wá mọ́, òun yóò kó lọ sí ilé tòun, kí n lè ráyè máa fura sí ògiri.

Ìyá mi, ẹ mọ òfin bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní, ẹ má bínú pé mo tún hú u jáde. Ogún iṣu ni bàbá wa gbà lọ́wọ́ ọkùnrin tó wá tọrọ yín, ó ní kí wọ́n gún nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó yó. Nígbà tí àṣírí wá tú pé ọkùnrin náà ń na obìnrin, kò lè fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn mọ́, nítorí iṣu ti wà níkùn. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ fi san iṣu yẹn kí ẹ tó padà sílé. Láti ìgbà náà ni bàbá wa ti kì mí nílọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọrọ ọmọ wá, ìbáà ṣe omi, títí ilé yóò fi gbọ́, tí ilé yóò sì gbà. Ẹ̀yin sì ni ilé, Ìyá mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Kwesi wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wo máltì tó gbé wá títí tó fi gbóná. Nígbà tó rí i pé n kò jẹ, n kò mu, ó ní òun ti háyà ọkọ̀ ojú omi kan ní Tẹ́mà, irú èyí tí àwọn olówó fi ń ṣeré lọ pa ẹja, kí èmi àti bàbá òun lè jọ fi ìwọ̀ sómi, kí á mọ ara wa. Mo bi Mojí pé kí ló dé tí a kò lè mọ ara wa lórí ilẹ̀. Ẹ ó rántí pé èmi pẹ̀lú yín la jọ gun ọkọ̀ akẹ́rù kúrò ní ìlú yìí nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń ka iye ilẹ̀kùn tó wà nínú ilé kí n tó jókòó. Ọkọ̀ ojú omi kò ní ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n mo lọ, nítorí ojú tí Mojí fi wò mí. Mo múra sílẹ̀ dáadáa. Mo ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì nínú òkirikà. Ìdè rẹ̀ ti já, mo bá rán bọ́tìnnì ńlá mẹ́rin sí i. Mo wọ̀ ọ́ láti ilé. Mojí ní Kokomlemle la ṣì wà, òkun kò lè bá wa níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé àwọn tí omi gbé lọ náà, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti kúrò. Mo di gaàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá pẹ̀lú ẹ̀pà, mo mú ike kan àti ṣíbí, mo gbé ìgò omi tèmi, mo fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sápò.

Ní èbúté, mo rí Kwesi tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí awakọ̀. Àwọn méjèèjì wò mí, awakọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi í sọ́kàn. Bàbá Kwesi ti jókòó nínú ọkọ̀, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi, mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Àwa márààrún la lọ: èmi, Mojí, Kwesi, bàbá rẹ̀ àti awakọ̀. Ohun tí n kò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́, Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́ fún Mojí. Mo ní ojú bàbá yìí jọ ojú ẹni tí ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Mojí ní kí n dákẹ́. N kò dákẹ́.

A lọ títí ilẹ̀ fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọyẹ́, ìlà náà sì pòórá. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ Kwesi. Gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ fì, ìgò omi mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú òkun. Ẹja náà já okùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Kwesi ń dárò ẹja, èmi ń wo ìgò mi tó ń léfòó lọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti sanwó ọkọ̀.

Kò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́, tó wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó dákẹ́. Awakọ̀ ní omi ló wọ inú epo. Ó ń tú u, ó ń fi ẹnu fa epo, ó ń tu ú dànù. Ó pe àwọn ará èbúté lórí rédíò rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo sọ fún ara mi pé omi mi kọ́kọ́ lọ, ẹ́ńjìnnì kú tẹ̀lé e, ó ku kí wọ́n gbé oúnjẹ jáde. Òótọ́ ni, kò pẹ́ tí Kwesi ṣí apótí kan. Kẹ́ńkè tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ẹja díndín, ata, àti omi tútù tí ara ìgò rẹ̀ ń làágùn.

Mo ní ebi ò pa mí. Mojí ní ọwọ́ òun lòun fi dín ẹja náà ní ìdáná wa. Mo bi í pé ta ló rà á. Ó ní Kwesi ni. Mo ní ó parí.

Ọ̀sán pọ́n. Aago méjìlá lù, àkókò oògùn mi. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu gbígbẹ, ó korò dé etí. Ìgbà náà ni mo lọ sí iwájú ọkọ̀, mo yọ fóònù, mo sì gba ohùn mi sílẹ̀ fún gúrúùpù ẹbí. Ẹ ti gbọ́ ọ: pé bí ẹ kò bá rí mi mọ́, Kwesi ọmọ Fante ni kí ẹ mú àti bàbá rẹ̀, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí ebi lè mú mi gbà, pé kí ẹ má fi Mojí fún wọn láé. N kò lè sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́. Bàbá Kwesi jókòó lẹ́yìn mi gan-an, ó ń wo omi. Fóònù ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Mo fi í sápò, mo gbàgbé rẹ̀.

Ó ti lé ní aago méjì kí n tó ṣàkíyèsí pé bàbá náà kò jẹun. Mojí gbé àwo fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó dúpẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ yìí. Mo bi í kí ló dé. Ó wò mí títí, ó wá ní òun kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ obìnrin tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́ kí òun tó dé Elmina lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní bí òun bá jẹ ẹ́, òun ti gba ìyàwó lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Omi tí òun gbé láti ilé nìkan lòun ń mu. Ó fi ìgò náà hàn mí. Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ìyá mi, òfin bàbá wa ni mo gbọ́ lẹ́nu ará Elmina.

Mo ní gaàrí, n kò ní omi. Ó ní omi, kò ní oúnjẹ. A wo ara wa. Mojí àti Kwesi ń wò wá láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹni ń wo àgbò méjì tó fẹ́ kàn. Mo da gaàrí sínú ike. Ó ṣí ìgò rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀, ó wo ojú mi bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kò sọ ọ́. Ó da omi náà sí i, gbogbo rẹ̀. Ṣíbí kan ṣoṣo la ní. Mo bù ú, ó bù ú. A mu ún tán, a pín ẹ̀pà. Ibi tí mo ti ń ṣan ike nínú òkun ni ẹ́ńjìnnì ti dún.

Ẹ bá mi rò ó. Wákàtí mẹ́ta ó lé ni awakọ̀ fi tú u. Ìgbà tí a lá ike tán ló ní ọ̀nà epo ti là.

A gúnlẹ̀ láyọ̀, a wọ mọ́tò Kwesi. Bí a ṣe kúrò ní èbúté ni fóònù mi rí nẹ́tíwọ̀kì. Ohùn tó ti wà lápò mi láti aago méjìlá bá bọ́ sọ́nà, kò tilẹ̀ bi mí. Fóònù Mojí dún, nítorí òun náà wà nínú gúrúùpù ẹbí. Ó rí orúkọ mi, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo mọ́tò gbọ́ mi. Kwesi kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó bi Mojí pé kí ni Bàbá ń sọ nípa òun. Mojí ní mò ń kí i ni. Láti ìgbà náà kò tíì bá mi sọ gbólóhùn kan.

Bàbá Kwesi jókòó tì mí, kò yíjú. Nígbà tí a dé Kokomlemle, òun ló bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó di apá mi mú kí n má bàa já sí gọ́tà, ó sì fi Yorùbá Ìbàdàn tó mọ́ gaara sọ fún mi pé gaàrí mi kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kan jù ú lọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó ní kí àwọn ará Gánà náà máa lọ. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ láti àárọ̀. Ó ní ta ló bi òun? Ó ní ẹni tó fẹ́ bá èèyàn dána, kó jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tẹ́rùn ná.

Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó gbọ́ mi ní iwájú ọkọ̀ tí mo ń pe ọmọ rẹ̀ ní apànìyàn, lẹ́yìn náà ló da èyí tó kù nínú omi rẹ̀ sínú gaàrí mi. Àkókò díẹ̀ tó fi dúró tòun ti ìgò lọ́wọ́ yẹn, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn.

N kò ní parọ́ fún yín, mo ṣì ń fura sí ẹ́ńjìnnì. Kwesi ní bọ́tìnnì ara ẹ̀wù mi ni awakọ̀ ń rín ní èbúté. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé yàrá kejì tí yóò ṣófo ni mo ti ń fura sí láti ìgbà bàtà tó mọ́ jù yẹn. Mo gbọ́ pé àwọn bàbá ti pàdé lórí ohùn mi, wọ́n ní ọmọ wa kò ní fẹ́ apànìyàn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà níwájú gbogbo ayé: Kwesi kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bí mo bá fura sí ẹ́ńjìnnì, n kò fura sí omi.

Mo ti mu omi àna kí ẹ tó gbọ́. Mo rú òfin, mo sì ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní, ẹ̀yin lẹ san iṣu. Ọ̀rọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bí ẹ bá ní rárá, n ó padà wá sọ fún bàbá náà lójúkojú, bí n kò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń dá omi padà.

Mo ní kí Mojí ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó kà á tán, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo báàgì ìrìnàjò mi láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ti fi ìgò omi sí i, ó sì ti fi okùn so ó mọ́ ọn gírígírí.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, Ìyá mi. Ojú yín kò ní ríbi, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ yín, ẹ ó sì jẹ oúnjẹ ọmọ ọmọ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé lọ́mọdé lágbà. Ẹ ní kí wọ́n pa ohùn yẹn rẹ́ nínú fóònù wọn. Ọjọ́ kan náà ni Bàbá Kwesi yóò lọ sí Elmina, tí èmi yóò sì forí lé ọ̀dọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la mú, nítorí àwọn apẹja etíkun níhìn-ín kì í lọ sójú omi lọ́jọ́ náà, kò sì ní sí ẹni tó máa pè mí wọ ọkọ̀.

Èmi ni Àjàní, ọmọ yín, tí yóò gbéra ní Kokomlemle ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní.