Ọmọ Ọlọ Tí Mo Gbé Wọ Bàálù

Báńkọ́ọ̀kì, 1981

Ishaq ọmọ mi,

Ara wa le. Bí o bá rí i pé Àmínátù ọmọ rẹ kọ́ ló kọ ìwé yìí, má jáyà. Fọláṣadé tí a jọ wá ra aṣọ ló ń bá mi kọ ọ́. Òtẹ́ẹ̀lì wa kò wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ gidi.

O fi mí rẹ́rìn-ín nílé ní Mowo pé, "Ìyá, ta ní ń gbé ọmọ ọlọ wọ bàálù?" Láàárọ̀ àná, mo ń fi lọ ata ní balùwẹ̀ nígbà tí olè kan yọ ọ̀bẹ wọlé wá gba ẹrù wa. Àmínátù gbá ọ̀bẹ náà mú. Mo la ọmọ ọlọ mọ́ olè náà lẹ́nu, eyín rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ṣubú, mo fọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ń ké ní èdè tirẹ̀. Mo fi Ègùn, èdè tiwa, sọ fún un pé kó ké dáadáa.

Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún Àmínátù. Ó bi mí bóyá òun ṣì lè ránṣọ. Mo ní kó jẹun.

Ọlọ́pàá ti gba ọmọ ọlọ mi. Bá mi wá òmíràn.

Kí ìyàwó rẹ. Má ka ti ìka sí i létí. Bí ó bá bèèrè, Àmínátù ń sùn ni kò fi kọ ìwé.

Ìyá rẹ