Eérú Oníhò

Kayalvizhi ọmọ mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Chennai? Ṣé o ń jẹun? Murugan òrìṣà wa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ. Odò ṣì ń gbé omi àwọn aláró wá láti òkè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pọ́n, lọ́sẹ̀ yìí ó dúdú, a sì ti mọ àwọ̀ ẹ̀wù tí àwọn òyìnbó máa wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kànga wa náà ti pọ́n, igi àgbọn mẹ́sàn-án ti kú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé n óò fi tàdáwà tẹ̀ka síwèé fún alárinà ilẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó ra ilẹ̀ baba mi.

A rí ìwé rẹ gbà, pẹ̀lú eérú funfun tí o dì sínú bébà. O ní irú irin kan lo sun títí tó fi di eérú, pé ihò kún inú rẹ̀, ihò náà ló sì ń mu aró. Mo yá awò ojú Palaniappan aládùúgbò wa, mo wò ó títí, n kò rí ihò kankan. Mo ní bóyá o sun ún jù ni, torí nídìí ààrò, ìyá rẹ lo jọ.

Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kàwé náà tán. Ó ní eérú funfun nínú bébà, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe eérú mímọ́ láti tẹ́ńpìlì? Ló bá fi fa ìlà mẹ́ta síwájú orí gbogbo wa, alárinà tó wá tọrọ ìka mi pàápàá gba tirẹ̀. Ó da ìyókù sínú ìkòkò omi màlúù tó wà nínú oòrùn, torí màlúù ti ń kọ omi láti ìjẹta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé ká má fi kan ẹnu. Mo sáré lọ gbé ìkòkò kúrò. Yéè! Omi ti mọ́ gaara, mo rí ìdí ìkòkò, ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ṣíbí tí ìyá rẹ ní ìyàwó Palaniappan jí wà níbẹ̀, ó ń dán. Mo sunkún, ojú kò tì mí.

Mo ní kí alárinà máa lọ. Gbogbo abúlé ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, wọ́n ní Murugan ló ṣe é. Mo ní ọmọ mi ni, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ sì ní kí n má mú òrìṣà bínú.

Owó kọ́ ni mo ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí. Kànga wa jìn, alárinà sì ní òun ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Fi eérú ránṣẹ́, àpò mẹ́rin á tó, ìyá mi, jọ̀ọ́ má ṣahun ihò. Ọwọ́ rẹ kò ní jóná, orúkọ rẹ á dé orísun odò.

Èmi baba rẹ, Marudhachalam, tí tàdáwà kò tíì kan ìka rẹ̀.