Bíríkì Inú Tẹlifíṣọ̀n Félix

Sí Malik, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Abidjan,

Ìyá bàbá rẹ ló ń kí ọ láti àdúgbò wa ní Gounghin. Ṣé o wà? Bí ara rẹ kò bá yá, kọ́kọ́ wá nǹkan gbígbóná mu kí o tó máa ka lẹ́tà. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ọkọ̀, yóò ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, yóò sì ṣọ́ ọ lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń béèrè ohun tí bàbá rẹ kò ní. Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà tó mi tí ẹsẹ̀ kò dùn ún, ó ti kú ni. Rosalie, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ó kọ́ Yorùbá kíkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un, ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ.

Ọ̀rọ̀ Karimatou àbúrò rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé Kossodo ló ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́, lábẹ́ igi kan lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn. Láti Gounghin dé Kossodo, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń ru ìkòkò lọ. Ó ń bẹ ẹni tó ní moto ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó ń bẹ ọlọ́kọ̀ ẹrù, nígbà tó bá sì fi máa débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á ti jẹ búrẹ́dì, wọ́n á ti máa nu ẹnu. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ wá sọ fún un pé bí ó bá tún pẹ́ dé nínú oṣù yìí, òun á fún obìnrin mìíràn ní abẹ́ igi náà. Ìwọ ni o ní o máa fi mobílẹ́ẹ̀tì, moto kékeré nì, ránṣẹ́. A retí rẹ̀, kò dé, mi ò sì bá ọ jà, torí bí o bá ní in, o kò ní fi í pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni.

Félix, ọmọ Mossi tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lójú títì Bobo, ló gbé ìdíje kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò ra mobílẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn bí àgbò iléyá, wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ jù lọ nídìí eré inú tẹlifíṣọ̀n ni yóò gùn ún lọ sílé. Karimatou ní òun á ṣe é. Mo ní kí ó lọ, ìjókòó kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Malik, mo ti fi ojú ara mi rí eré náà, jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, bóyá kò tíì dé Abidjan. Iṣẹ́ bíríkìlà ni. Àwọn kan wà lókè inú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ju bíríkì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sinmi, wọn kì í jẹun ọ̀sán. Bíríkì ọ̀hún kò rí bákan náà, òmíràn gùn bí ọ̀pá, òmíràn ká bí ìgbọ̀nwọ́, ẹni tó gé e kò mọ iṣẹ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á mú ike kékeré kan lọ́wọ́, á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á máa yí bíríkì kí ó lè bọ́ sínú àlàfo. Bí ó bá ti to ìlà kan pé, tó gún régé, kí o tó yìn ín, ìlà náà á pòórá. Wọ́n jí i, lójú gbogbo ènìyàn, ní ọ̀sán gangan! Mo pe Félix, mo ní kí ó lọ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kí ó mú ẹni tó ń kó bíríkì ọmọ mi. Ó ní Màmá, bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní onílé tó bá ń bá olè pín ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wá pọ̀, ṣùgbọ́n bíríkì bo èyí tó pọ̀ jù mọ́lẹ̀, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Karimatou àti Thierry, géńdé kan láti àdúgbò Bilbalogo tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ rèé, tàbúrò rẹ rèé, àwòrán Ààrẹ wà lára ògiri lókè wọn. Rosalie wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ní Karimatou kò mì. Ẹni tó ti ń to abọ́ àti ìkòkò sínú agbọ̀n kan ṣoṣo láti ọjọ́ yìí, kí ni kò ní rí tò?

Sàláwù ló dá wàhálà sílẹ̀. O rántí rẹ̀, òun ni olórí àwa Nàgó, àwa ọmọ Yorùbá, ní Gounghin, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí o kò bá kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Ó wọlé, ó ní ẹ kú ìjókòó o. Karimatou ju ike sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí ó tó dìde, bíríkì ti wó lu ara wọn. Má bá a wí. Èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ pé àgbà kì í wọlé kí ọmọ jókòó, ó sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará Bilbalogo rí èyí, wọ́n wo ara wọn lójú. Ni wọ́n bá jáde lọ sí ojú títì, wọ́n ń wá àgbà Nàgó kiri. Wọ́n pe Jẹ̀lílì tó ń lẹ táyà, wọ́n pe àwọn ìyá alágbo, wọ́n ní ẹ wá wo ọmọ yín, àga wà, bísáàpù tútù, omi ìṣápá dídùn, wà. Àgbà wo ni yóò kọ bísáàpù tútù? Bí èyí ṣe ń wọlé ni Karimatou ń kúnlẹ̀, bí ó ṣe ń jókòó padà ni òmíràn ń wọlé. Thierry ń to bíríkì tirẹ̀ sáàyè, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Nígbà tó yá, wọ́n fi moto wá gbé èmi náà. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni. Mo wọ ìró tuntun. Ìgbà tí mo wọlé, ọmọ náà fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún ìyá bàbá rẹ̀, ilé rẹ̀ sì kù díẹ̀ kó kan òkè. Rosalie sáré wá sí etí mi, ó ní Ìyá àgbà, ìkíni ni wọ́n fi ń pa á o, bí kò bá ráyè mú ike rẹ̀, mobílẹ́ẹ̀tì lọ nìyẹn.

Mo ní Karimatou, má dìde. Dúró lórí orúnkún rẹ, kọjú sí bíríkì, mú ike rẹ. O ti kí gbogbo wa, àti ẹni tó wà níbí àti ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Èmi ni n ó máa dáhùn. Ó mú ike. Bí àgbà bá wọlé tó ní ẹ kú ìjókòó, èmi á ní káàbọ̀, ó ti kúnlẹ̀, lọ wá àga. Àwòrán Ààrẹ nìkan ni àgbà tí ẹnikẹ́ni kò kí níbẹ̀.

Sàláwù bínú. Ó ní ìkúnlẹ̀ wo nìyẹn, ó kọ̀yìn sí òun. Mo ní Sàláwù, ní mọ́sálásí, ẹ̀yìn ta ni ó ń kọjú sí ọ? Ẹni tó wà níwájú rẹ kúnlẹ̀, ó kọ̀yìn sí ọ, ṣé o ti dá ìrun dúró rí pé ó rí ọ fín? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó mu bísáàpù rẹ̀.

Mo wá rántí pé n kò tíì kí Thierry. Èmi kì í ṣe ẹran, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi moto gbé mi kí n má béèrè àlàáfíà rẹ̀. Mooré, èdè àwọn Mossi, kò pé lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìkíni rẹ̀ tán. Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo béèrè bàbá rẹ̀, ó ní láàfí, àlàáfíà nìyẹn. Mo béèrè ìyá rẹ̀, ó ní láàfí. Mo béèrè àwọn ará ilé, ewúrẹ́, ọkà bàbà, òjò ọdún yìí. Àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ Mossi tí a tọ́ kì í wo àgbà lójú bí ó bá ń dá a lóhùn, orí ló máa ń tẹ̀ ba. Gbogbo láàfí tó sọ ló ń tẹrí ba fún, bíríkì sì ń já bọ́ níbi tó wù wọ́n. Àwọn ará Bilbalogo ń pariwo pé kó gbójú sókè. Kò lè gbójú sókè, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Kò pẹ́ ni mo rí i tí ilé rẹ̀ kan òkè pátápátá. Inú mi dùn sí i. Mo ní kú oríire, ọmọ mi, ìwọ lo kọ́ ilé parí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fi ayọ̀ gbé e. Lẹ́yìn náà ni ariwo ta láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gounghin, Rosalie gbé mi sókè pẹ̀lú àga. Nínú iṣẹ́ yìí, Malik, ẹni tí ilé rẹ̀ bá dé òkè ló pàdánù. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Thierry bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, barka, ẹ ṣé o, ẹ ti kí mi pa. Mo ní ìkíni kì í pa ènìyàn. Karimatou ṣì ń to bíríkì, kò dìde títí mo fi ní kó dìde, orúnkún rẹ̀ sì ti wú bí iṣu. Thierry ló ti mobílẹ́ẹ̀tì náà dé ilé wa.

Mo fi òrí ra orúnkún rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó di ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn mobílẹ́ẹ̀tì, ó lọ sí Kossodo. Àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì jáde nígbà tó débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà ló bá a sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ̀wà ṣì ń rú èéfín. Igi náà ti di tirẹ̀.

Nítorí náà, má wulẹ̀ fi moto ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni ṣòkòtò méjì, tèmi. Ọbẹ̀ máa ń dà lójú ọ̀nà, ẹnìkan ní láti jókòó sẹ́yìn kó di ìdérí ìkòkò mú, mo sì ti sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n ìró àti moto kò bára mu, afẹ́fẹ́ ojú títì kò mọ àgbà. Rosalie ń rẹ́rìn-ín, kó máa rín in, kó sì máa kọ ọ́. Jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Bí o bá ní owó epo, fi sínú àpò ṣòkòtò náà. Bí o kò bá ní, ṣòkòtò nìkan tó.

Ọlọ́run á fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní mú ọ gbàgbé ilé, á fún ọ ní aya tó lè se ẹ̀wà, á sì jẹ́ kí o bá mi láyé nígbà tí o bá dé. Bí o kò bá bá mi nílé, Kossodo ni kí o wá mi lọ.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, ní Gounghin.