Ààwẹ̀ Bọ́tà

Hikmat, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní ṣàì mú ọ wọlé lálẹ́. Àmín. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń ráhùn díẹ̀díẹ̀, ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Òjò ti sọ ọ̀nà ọjà di ẹrẹ̀. Mo lè fi fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀ kó tó já, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Bọ́tà, ológbò rẹ, ni. Nígbà tí o gbé e wá, tí o ní dókítà sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ, pé o kì í sí nílé lásìkò tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́, ẹnu yà mí. Ológbò tí kò tíì pé ọdún méjì! Àìsàn àgbà ni mo pè é. Ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí i: ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ó ń jẹun, ó sì ń rù. Èèrà kì í sì í gbẹ́yìn níbi tó bá tọ̀ sí. Àánú rẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ èmi náà. Bí ó bá ti ń lá omi nínú abọ́ rẹ̀, èmi náà á ti máa wá ife kiri.

Bí o ṣe ní kí n ṣe ni mo ń ṣe. Láàárọ̀, á kọ́kọ́ jẹun, màá wo abọ́ rẹ̀ dáadáa, torí o ní bí kò bá jẹun, n kò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù kó dákú. Lẹ́yìn náà ni màá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, màá ṣe bísímílà, màá gún un. Ní ìrọ̀lẹ́ a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ́jà àti Dúdú, àwọn ológbò tèmi tó ń ṣọ́ àpò ẹ̀wà, kálukú ń jẹ tirẹ̀ ní yàrá ọ̀tọ̀, kí n lè mọ ẹni tó jẹ àti ẹni tí kò jẹ. Ó dùn mí, torí inú àwo kan náà la ti bọ́ gbogbo yín dàgbà. Nígbà tí mo sì fẹ́ fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà yẹn wo ẹ̀jẹ̀ Bọ́tà létí, mo wo ti àwọn méjèèjì náà, kí wọ́n má baà ní mo ń ṣojúsàájú. Tiwọn dára. Sọ́jà ya mí lọ́wọ́.

Kámẹ́rà tí o kàn mọ́ ògiri ń ṣiṣẹ́. Mo ń kí ọ níbẹ̀ láràárọ̀, o kì í dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o wà níbi iṣẹ́. Bí àlejò bá dé, ìborùn mi ni mo fi ń bò ó, torí kò dáa kí o máa wo àgbàlagbà láti Èkó láìkí wọn.

Ohun tó wá ń rú mi lójú ni pé ṣúgà Bọ́tà kò wálẹ̀. Láàárọ̀ á sàn díẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti gòkè. Níbo ló ti ń rí ṣúgà? Ẹja bíbọ̀ àti ẹran adìẹ tí kò níyọ̀ nìkan ni mò ń fún un. Mo fura sí omi kànga, mo tọ́ ọ wò, kò dùn. Mo fura sí firiji Ìyá Taofeek aládùúgbò wa, tí a ń gbé oògùn sí, mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn kò sí nídìí yìnyín, ìsàlẹ̀ ló wà bí o ṣe wí.

Ni Dókítà Rídwàn, dókítà ẹran tí o bẹ̀ lọ́wẹ̀, bá dé láti Ilémọnà, ó ní òun fẹ́ fi kún oògùn. Ó ti ṣí báàgì rẹ̀ kó tó béèrè pé àwọn wo ló ń wọlé wa. Mo ní kò sẹ́nì kankan, àfi àwọn tó ń wá kí Bọ́tà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un sọ.

Mo ṣàlàyé fún un. Àwọn tó ń ra omi tútù lọ́dọ̀ Ìyá Taofeek ń rí mi tí mò ń wá mú oògùn, wọ́n béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, mo ní Bọ́tà ti Hikmat ni. Wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ mi ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mílíìkì inú agolo, búrẹ́dì àti bisikíìtì wá. Bí wọ́n bá wọlé tí wọ́n bá ológbò lórí àga, ojú á tì wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ohun tó fi kí aláìsàn padà sílé? Wọ́n á ní kí n sáà bu díẹ̀ fún un lójú àwọn, kí àwọn lè ṣe àdúà sí i. Bọ́tà á lá tirẹ̀, èmi á mu èyí tó kù, kó má baà ṣòfò. Bàbá rẹ ní nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, èèyàn méjì ló wá kí òun, ọ̀kan nínú wọn sì ṣì ilé ni.

Dókítà pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní Alhaja, mílíìkì aládùn yìí gan-an ni. Ó ní ká ní òun ti fi kún oògùn, lọ́jọ́ tí àlejò kò bá wá, ṣúgà Bọ́tà á já wálẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á sì lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún èèyàn ní Ọ̀fà pé kó má kí aláìsàn mọ́? Mo kọ́kọ́ sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá bá wa yọ̀, wọ́n fi kéèkì kún mílíìkì. Mo wá rò ó: Bọ́tà ń jẹ láàárọ̀ kùtù, kì í fẹnu kan nǹkan mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ó ń gbààwẹ̀ ni. Ìgbà náà ni kálukú tó dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó máa gbé oúnjẹ síwájú aláàwẹ̀ ní àdúgbò wa. Ìyá Taofeek nìkan ló ní irú aláàwẹ̀ wo ló ń mu omi lọ́sàn-án gangan, mo ní aláìsàn ni, a yọ̀ǹda omi fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó fẹ́ gba láádá gbé ìṣínu dé! Mo sọ fún wọn pé ẹja bíbọ̀ nìkan ló fi ń ṣínu. Ẹja ni wọ́n ń gbé wá báyìí. Sọ́jà àti Dúdú ti sanra. Ṣúgà Bọ́tà sì ti wálẹ̀, dókítà kò fi kún oògùn mọ́, ó ní bó bá ń lọ báyìí, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ gan-an dópin lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ kí o bá mi fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe ti ẹja. Ti bébà pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lára ẹ̀rọ ni, kí o sì ra ti ẹni méjì. Kí dókítà tó lọ, ó rí i bí mo ṣe ń gbé ife sókè, ó béèrè ìgbà tí mo ti ń mu omi báyìí, ó sì fi ẹ̀rọ náà wo ìka mi. Ó wò ó, ó tún un wò. Tèmi ju ti Bọ́tà lọ. Bàbá rẹ mú mi lọ sí ọsibítù, wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró, mo sì ń lò ó. Má sunkún. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ọ̀fà, torí wọ́n á gbé mílíìkì wá.

Ọlọ́run kó jẹ́ kí o jẹ èrè ìtọ́jú àwa méjèèjì. Ìlera rẹ kò ní di ohun tí a ń fi ẹ̀rọ wá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Asiata