Ọwọ́ Ló Ń Dùn Mí, Ẹnu Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, a dúpẹ́. Kí ìkọ̀wé yìí má yà yín lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló ń bá mi kọ ọ́, torí ọwọ́ mi ò ṣeé fi kọ̀wé báyìí.

Làkúrègbé díẹ̀ ló ń yọ ìka mi lẹ́nu. Tí mo bá jí láàárọ̀, wọ́n á wú, wọn ò ní ṣeé ká bọ̀rọ̀. Mo bá lọ rí dókítà. Ọwọ́ ni mo nà sí i, ló bá ní kí n la ẹnu.

Mo ní, "Dókítà, ẹnu kọ́ ni mo fi ń ránṣọ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí èrìgì mi tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kòkòrò tó ń ba èrìgì jẹ́ lè wà lára ohun tó ń mú kí ara máa bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ká tọ́jú ọwọ́ àti èrìgì pa pọ̀.

Ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa ń tu tí ẹ bá ń fọ ẹnu, tí ẹ ní àgbà ló fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi han oníṣègùn eyín. Ẹ má dúró dìgbà tí ìka tiyín náà yóò wú.

Ọ̀gá mi ní kí n sinmi ná. Ẹlòmíràn ti jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé kó gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tí mo ṣèlérí láti rán fún télọ̀ ìtòsí ilé. Ẹ ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn mi.

Ẹ kí bàbá. Ẹ bá mi gbá àbúrò mi, ìyàwó tuntun wa, mọ́ra dáadáa.

Èmi ọmọ yín.