Àgádágodo Tíṣà Trilochan

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Kọ́lẹ́ẹ̀jì,
                                        Nuagaon, Odisha.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kejì, 2019.

Kuntala, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, àbí ohùn wọn nìkan ló ṣì ń gùn ún? Ara tèmi le. Òtútù ti ń lọ níbí, ẹ̀fọn ti gbapò rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí Sambalpur, n kò rí ẹni bá rẹ́rìn-ín mọ́ ní yàrá olùkọ́, ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀rín náà sínú lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà Trilochan Panigrahi ni. O mọ̀ pé físíìsì ni wọ́n gbà á sí. Nígbà tí tíṣà kẹ́mísírì lọ ṣègbéyàwó, wọ́n ní kó bá wọn di iṣẹ́ náà mú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, kẹ́mísírì ṣì wà lọ́wọ́ Trilochan. Ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó di ọṣẹ. O sì mọ òfin wa: ẹni tó bá fọ́ gíláàsì àyẹ̀wò ìjọba yóò rojọ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bó. Ni Trilochan bá fi àgádágodo ti kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì pa láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn mímọ́ ìdílé àlùfáà tó gbé kọ́ èjìká, àwọn ọmọ sì ń da àyẹ̀wò kọ láti inú ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ọjọ́ Saraswati, òrìṣà ìmọ̀, nìkan ni gíláàsì ń rí oòrùn. A ó kó wọn síwájú òrìṣà, a ó fi ata ilẹ̀ pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìyeyè, kùn wọ́n, a ó sì kó wọn padà. A ń bọ sáyẹ́ǹsì, a kì í ṣe é.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń wù ú láyé yìí ni kí wọ́n pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kan pátákó “Ọ̀jọ̀gbọ́n Panigrahi” mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ni bàbá bá fún wọn ní ọjọ́ Saraswati gan-an, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìwé tàbí irinṣẹ́ ìmọ̀. Wọn yóò gba ìborùn tí a fi ń dá àlejò lọ́lá, wọn yóò jẹ khechudi, ìrẹsì àsèpọ̀ mọ́ ẹ̀wà ọjọ́ ọdún, wọn yóò fọwọ́ síwèé, ó parí.

Ọgbọ́n tí ahun gbọ́n, ẹ̀yìn ni yóò máa tọ ti ìgbín. Ta ni olórí ìgbìmọ̀? Minati Sahu! Ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ títí orí yóò fi máa fọ́ Trilochan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tíṣà rẹ̀, ó gba ìborùn, ó jẹun, ó tún bù sí i. Ó wá ní, “Sà, ọjọ́ òrìṣà lòní, a ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. A óò sùn síbí. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, ẹ bá wa ṣe àyẹ̀wò kan péré.”

Khechudi há Trilochan lọ́fun.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa kún yàrá sáyẹ́ǹsì fọ́fọ́. Àyẹ̀wò tí gbogbo ọmọ mọ̀ lórí ni wọ́n ní kó ṣe: kí omi sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ máa kán sínú ásíìdì tí wọ́n ti kán oògùn tó ń pàwọ̀ dà sí, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó da sódà sínú gíláàsì gígùn tó ní ẹ̀rọ omi kékeré nídìí. Kò tíì ṣí ẹ̀rọ náà rárá tí sódà inú rẹ̀ fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

“Ẹ wò ó!” ni Trilochan kígbe. “Ó ti pọ́n! Àyẹ̀wò ti parí!”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́ jù wọ́n lọ.

Minati ní, “Sà, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Ìwé ló ní bó bá parí, á pọ́n.”

“Ata ilẹ̀ pupa ló pọ́n yẹn, Sà. Gbogbo èyí tí ẹ fi ń bọ ọ́ lọ́dọọdún ló lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Tó bá ti pàdé sódà, pupa ló ń dì, bíi ti ara aṣọ tá a bá fọṣẹ sí.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Máàkì tó pé lẹ fún mi lórí àyẹ̀wò yìí, Sà. Mi ò rí i rí.”

Trilochan ní, “Ọmọ mi, èmi náà ò rí i rí. Tíṣà tèmi náà ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀.”

Kuntala, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Wọn kò fún un ní ipò náà. Ìyàwó rẹ̀ yọ pátákó, ó sì fi ń bo ìkòkò omi.

Ṣùgbọ́n bàbá kò ti kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́. Òun àtàwọn ọmọ fọ gbogbo gíláàsì, wọ́n fọ́ díẹ̀, ọ̀gá àgbà pariwo, bàbá ń fọ èyí tó kù. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ránṣẹ́ pè mí. Sódà ń kán, a ń wò ó. Ní ẹ̀kán kan báyìí, omi inú ìgò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Trilochan pariwo orúkọ mi bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo sunkún, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìtàn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá àgbà ti pàṣẹ pé kí wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù pa padà, wọn kò sì rí àgádágodo. Wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé rẹ̀. A ń wá a gidigidi. Abẹ́ àpò ìrẹsì mi ló wà, ìborùn tí wọ́n fi dá Trilochan lọ́lá ní ọdún tó kọjá ló fi wé e wá fún mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì kí ìyá ọkọ rẹ láti òkèèrè. Tí o bá ń bọ̀ lóṣù Kẹrin, mú báàgì tó lágbára dání. Àgádágodo náà wúwo, Sambalpur sì jìnnà.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
                                        Sulochana Behera.